Mo ṣe kíláàsì orí fídíò pẹ̀lú àwọn ará Bahia fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àkàrà yẹn sí státọ́ọ̀sì pé ṣé kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ rò pé inú họ́ọ̀lù ńlá yẹn lẹ ti máa rí nǹkan kan kọ́ o, ìta lọ́rọ̀ wà, nínú fóònù yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Tí wọ́n bá ní kí n fún gbogbo ẹ̀ ní ìràwọ̀, 3 nínú 5 ni. Tó bá jẹ́ ti inú họ́ọ̀lù nìkan, 1, ìyẹn náà nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo máa sọ tó bá yá.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ: kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí nílùú Ìlọrin (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo ṣì ń kàwé níbẹ̀, mo sì fẹ́ jáde) fi àwa tá à ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì so mọ́ kíláàsì kan nílùú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Bùràsíìlì, àwọn náà ń kọ́ nípa oúnjẹ. Kò sí físà, kò sí ọkọ̀ òfuurufú, kò sí pé bàbá ẹnì kan ń ta ilẹ̀. Fídíò lẹ máa fi rí ara yín, ẹ máa jọ ṣe iṣẹ́ kan, lẹ́kíṣọ̀ tibí àti tọ̀hún á jọ máàkì ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun, SUNY, ìyẹn yunifásítì ìpínlẹ̀ New York, ti dá ojúkò kan sílẹ̀ fún un láti 2006, COIL ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ yẹn náà làwọn lẹ́kíṣọ̀ wa ń pè kiri, "kọ́ìlì, kọ́ìlì", tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ èmi rò pé kọ́ìlì tí wọ́n ń sun fún ẹ̀fọn ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Kẹ́ ẹ tó dé orí fídíò rárá, ọ̀rọ̀ agogo ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Wákàtí 4 la fi ṣáájú wọn. Ìyẹn dáa, kì í yí, torí Bùràsíìlì ti fi sísún agogo síwájú sẹ́yìn sílẹ̀ láti 2019, àwa níbí ò sì ṣe irú ẹ̀, àwọn tó ń bá New York ṣe nirú ẹ̀ máa ń dà láàmú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wákàtí máa ń yí mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó ṣe wá ni pé wọ́n mú aago 10 àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tiwọn, lẹ́kíṣọ̀ wa ní kò burú, ó fọwọ́ sí i, Alhaji pátápátá o. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Aago 2 ọ̀sán Jímọ̀, nílùú Ìlọrin. Ta ló máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí i, ìgbà tí ẹnì kan kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp wa pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Zoom la máa fi kírun ni?" Wọ́n gbé e sí Àlàrùba, aago 2 náà ni, ẹni tó bá ti kí Àìlà ẹ̀ tán á wá jókòó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Zoom ọ̀fẹ́ ni wọ́n lò, ìṣẹ́jú 40 sì ni ti ọ̀fẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀, wọ́n ti ẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè wá. Àwa bí i 70 nínú họ́ọ̀lù, lápútọ́ọ̀pù kan, pùròjẹ́kítọ̀ kan, kámẹ́rà lápútọ́ọ̀pù yẹn kọjú sí wa láti orí tébù bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìnáwó. Àwọn ará Bahia ti wà lórí ẹ̀, mo ka ojú 19, oníkálukú nínú yàrá ẹ̀, ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì. A bẹ̀rẹ̀. Àdúrà Mùsùlùmí. Àdúrà Kìrìsìtẹ́nì. Orin orílẹ̀-èdè, a dìde dúró, orí wa kúrò nínú kámẹ́rà, ikùn nìkan làwọn èèyàn yẹn ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, èmsíì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn èèyàn ńlá níkọ̀ọ̀kan, ó pe HOD, ó pe bọ́ọ̀sà, ó pe ẹni tó ṣojú ọ̀gá àgbà, ẹni tó ṣojú ọ̀gá àgbà sì ní òun ò ní gbà wá lákòókò, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 17, mo wo aago. Ìgbà tí wọ́n máa fi máìkì sílẹ̀ fún lẹ́kíṣọ̀ àwọn ará ọ̀hún, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Olá, Ìlọrin", ó ní inú òun dùn, ó fẹ́ máa bọ́rọ̀ lọ ni ojú ògiri ṣú. Ìṣẹ́jú 40 ti pé. A pàtẹ́wọ́. Wàláì, a pàtẹ́wọ́, torí àwọn tó jókòó lẹ́yìn rò pé ó ti parí ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti lọ san owó, kò já mọ́, ó wá ku ohùn. Ẹnì kan nínú wa, mi ò mọ onítọ̀hún títí dòní, fi fóònù tiẹ̀ wọ ìpàdé yẹn nínú họ́ọ̀lù kan náà, kò pa máìkì. Tẹ́ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, ohùn tó bá jáde látinú sípíkà á gba ti máìkì fóònù yẹn wọlé padà, á tún jáde, á tún wọlé, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti ń hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni náà kiri, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà o, kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó dísẹ́ẹ̀lì sí ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ kí àwọn ará ilé ẹ̀ ní Ọ̀fà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe lọ nínú mẹ́fà nìyẹn. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní kọ nǹkan kan, màá kàn sọ fún yín pé ẹ lọ sùn.

Lẹ́kíṣọ̀ wa kejì ló kó wa yọ, Màmá la máa ń pè é. Ó ní òun ò fẹ́ họ́ọ̀lù mọ́. Ó bá lẹ́kíṣọ̀ ọ̀hún sọ̀rọ̀, wọ́n pín wa sí mẹ́rin-mẹ́rin, méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, ẹni tó ṣẹ́kù níbí torí a pọ̀ jù wọ́n lọ ni wọ́n pín káàkiri gúrúùpù, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ya fọ́tò kí wọ́n sì máa kọ̀wé. Ó ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan wá oúnjẹ kan tó wà nílùú méjèèjì, ká sè é, ká fi han ara wa lórí fídíò nígbà tó bá rọ̀ wá lọ́rùn, WhatsApp ni o, Google Meet ni o, òun ò bá wa yàn. Meet ọ̀fẹ́, wákàtí kan ni tẹ́ ẹ bá ti lé ní méjì, WhatsApp ò sì bá wa ká wákàtí, ìyẹn la mú. Èmi àti ọmọkùnrin kan láti Òmù-Àrán ni wọ́n kó pọ̀. Lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, àti ọmọkùnrin kan tó gbọ́ ọ àmọ́ tó ń fi ohùn Potogí sọ ọ́, tó jẹ́ pé tó bá sọ̀rọ̀ tán a máa ń kọ́kọ́ wojú ara wa ná.

A ò ronú púpọ̀ kó tó di pé a mú àkàrà. Acarajé làwọn ń pè é, ẹ pè é sókè díẹ̀ ẹ máa gbọ́ ọ: àkàrà, jẹ. Tiwọn ò kúrò nínú tiwa, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e dé ọ̀hún.

Ìyá kan wà ní Pàkátà tó máa ń dín àkàrà láti bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, mo ti ń ra tiẹ̀ látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì pé ṣé a lè gbé fóònù sí ìdí agbada ẹ̀, ó ní ṣé wọ́n máa san owó ni, mo ní rárá, ó ní ṣé wọ́n máa ra àkàrà ni, mo ní Ìyá, Bùràsíìlì ni wọ́n wà, ó ní ó dáa, kí n ra tiwọn fún wọn. Mo ra ti ₦1,000. Aago 5 tiwa, aago 1 ọ̀sán tiwọn. A gbé fóònù lé orí àpótí, a fi náílọ́ọ̀nù iyọ̀ tì í lẹ́yìn kó má ṣubú, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta èéfín ti bo kámẹ́rà, ọmọ Òmù-Àrán wá ń fi ẹ̀wù ẹ̀ nù ún ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó ń nu imú ọmọ.

Ọmọbìnrin yẹn ti béèrè lọ́wọ́ mi lórí fóìsì nóòtì lálẹ́ àná bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo kọ́ ọ, ó sì ti lọ fi ìyókù òru kọ́ ọ sórí. Bí fídíò ṣe mọ́lẹ̀ báyìí, kò kí èmi, Ìyá ló kọ́kọ́ kí: "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ìyá ju ìgbakọ sílẹ̀. "Háà! Ta lọmọ yìí?" Ó sún mọ́ fóònù, ó tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó wo ọmọ yẹn dáadáa, ọmọ yẹn dúdú bí èmi gan-an ni. Ó kọjú sí mi, inú bí i: "O ò ṣe ní òyìnbó ni? Ọmọ wa kọ́ nìyí? Ó jọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àfọ̀n." Ó wá bi í, kò dúró kí n túmọ̀, "Ọmọ agboolé wo ni ẹ́, ọmọ mi?"

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lẹ máa bi bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin yẹn sọ ọ́ ní Potogí. Wọ́n dákẹ́ lọ́hùn-ún. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gan ni, mo fẹ́ fọwọ́ kan fóònù, mo wá rí i pé ojú ọmọbìnrin yẹn ń ṣẹ́. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ìyá ńlá kan nínú ìdílé òun láyé ọjọ́un ni wọ́n ní wọ́n kó wá, wọn ò fi orúkọ ibi tó ti wá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún Ìyá. Ó bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró, ọ̀kan, èkejì, ó yí àwọn tó ti pọ́n padà, gbogbo wa ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló sọ pé, "Ó dáa. Bi í, ṣé wọ́n ń jẹ àkàrà lọ́hùn-ún?"

Ibẹ̀ ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo kọ́ láàárín wákàtí yẹn, mi ò kọ́ ọ nínú ìwé kankan. Ẹ̀wà náà ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ṣíbí onígi lù ú títí á fi wú. Àmọ́ àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló ń wọ inú tiwọn, kò sí ata, Ìyá ní irọ́ ni, kò lè sí ata. Ata wà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n á la àkàrà yẹn láàárín bíi búrẹ́dì, ó tóbi tó ìkúùkù, wọ́n á ki nǹkan kan tó ń jẹ́ vatapá sínú ẹ̀, ẹ̀pà àti kàṣú àti wàrà àgbọn àti edé ló wà nínú ẹ̀, wọ́n tún máa fi ilá àti edé gbígbẹ lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ìyá tó ń tà á á bi yín pé ṣé ó gbóná ni ẹ fẹ́ ẹ, ata ló ń bèèrè o, kì í ṣe iná. Ọmọ Òmù-Àrán ní táwọn òyìnbó bá lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n á sunkún.

Èyí tó wá mú Ìyá jókòó ni epo. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, dendê ni wọ́n ń pè é, epo tiwa gan-an. Ìyá ní bí ìyá òun náà ṣe ń dín in nìyẹn kí òróró tó di ohun tí gbogbo ayé ń rà, ó ní òun ò tíì jẹ àkàrà elépo tó dùn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wá sọ fún un pé ìjọba wọn lọ́hùn-ún kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia, àwọn tó ń wọ aṣọ funfun gbẹrẹgẹdẹ tí wọ́n ń we gèlè, sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn ní 2005. Mo rò pé inú ẹ̀ máa dùn. Ó ní, "Ṣé wọ́n sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì káńsù fún wọn?" Ọmọkùnrin yẹn lọ́hùn-ún ò mọ bó ṣe máa túmọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, mo ṣàlàyé ẹ̀ títí, ìgbà tó yé e ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó ní irú ẹ̀ ò ṣàì sí.

Ìpè tí wọ́n pe tiwọn náà wá, aago 9 alẹ́ ni fún wa, torí ìrọ̀lẹ́ làwọn alákàrà wọn ń jókòó. Mo ti ń tòògbé. Mo rí agbada, mo rí epo tó ń hó, mo rí ìyá kan tó jókòó bí ọba láàárín àwọn abọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú kíláàsì yìí àti kéèyàn lọ síbẹ̀ ò yàtọ̀ síra, ẹ bi í pé báwo ni epo tiwọn ṣe ń rùn.

Àwọn gúrúùpù yòókù náà ní tiwọn. Àwọn kan ṣe acaçá, ẹ̀kọ tútù ni jàre, àgbàdo ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n tiwọn, éèran la fi ń pọ́n tiwa. Àwọn kan fi wàrà hàn wọ́n, wọ́n lọ bá Fúlàní kan tó ń ṣe é, wọ́n fi bó ṣe ń fi ewé bòmùbòmù dì í hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ará Bahia ní ó jọ wàràkàṣì tí wọ́n ń yan lórí igi létí òkun wọn, wọ́n wá ń bi wọ́n léèrè ewé yẹn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wá gbé e. Àwọn tó mú àmàlà ló bọ́ sínú wàhálà. Wọ́n gbé èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n tan fídíò, wọ́n rí i pé ilá làwọn ará ọ̀hún ń gé. Amalá lọ́hùn-ún, ilá tí wọ́n fi epo sè ni, oúnjẹ Ṣàngó. Orúkọ yẹn tú jáde lẹ́nu wọn báyìí, gúrúùpù yẹn dákẹ́ jẹ́ẹ́, Mùsùlùmí ni ẹnì kan nínú wọn, ìyàwó pásítọ̀ ni ẹnì kejì. Wọ́n pe Màmá. Màmá ní, "Ẹ kọ orúkọ èròjà sílẹ̀, ẹ kọ bó ṣe ń jinná sílẹ̀, wọn ò ní kẹ́ ẹ bọ ọ́." Wọ́n kọ ọ́. Máàkì tiwọn ló ga jù lọ, ó dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní mo máa sọ nìyí o, ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n tún kó wa sínú họ́ọ̀lù. A ti mọ̀wé nígbà yẹn, máìkì kan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo fóònù pa, kò sí èmsíì. Lẹ́kíṣọ̀ ọ̀hún ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 nípa àwọn tó kó oúnjẹ wọ̀nyí dé Bahia. Ó ní àwọn Yorùbá, Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún, ó ní Mùsùlùmí wà nínú wọn, Malê ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi: "Ìmàle!" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ní oṣù January 1835, nínú ààwẹ̀, àwọn Ìmàle yìí dìde ogun sí àwọn tó mú wọn lẹ́rú nínú ìlú Salvador, ìjọba ṣẹ́gun wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Bùràsíìlì ló wárìrì. Ó ní ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá lára àwọn tí wọ́n mú. Ó fi fọ́tò ọ̀kan han wa lójú ògiri.

Ẹ wò ó, ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa, ọmọ alfa ni, sẹ̀mẹ́sítà méjì ni mo ti mọ̀ ọ́n, oorun ló máa ń sùn. Ó dìde. Ó rìn lọ síwájú ògiri, ó ń fi ọwọ́ tọ ìlà yẹn láti ọ̀tún sí òsì, òjìji ọwọ́ ẹ̀ wà lórí ìwé náà, ó sì ń kà á sókè, "Bìsìmílà", ó ń kà á lọ, ẹni tó bá ti lọ ilé kéwú nínú họ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́sẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ ọ̀hún bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní òun ti ń fi fọ́tò yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò tíì sí ẹni tó kà á sí òun létí. Ìṣẹ́jú 10 yẹn di wákàtí kan àti ààbọ̀, Alásàárì fẹ́ẹ̀ kọjá lórí wa. Torí ẹ̀ ni họ́ọ̀lù fi gba ìràwọ̀ 1 lọ́wọ́ mi.

Ó wá ku owó, torí mo mọ̀ pé ìyẹn lẹ fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa dá owó dátà padà. Mo ṣì ń retí ẹ̀. Fídíò wákàtí kan fún àwa mẹ́rin lórí WhatsApp, mo yẹ fóònù mi wò, ó jẹ nǹkan bí 700 MB, ẹ sì mọ bí dátà ṣe rí látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà káwọn oníléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn ní January 2025. A wá ń dọ́gbọ́n sí i: tí a kò bá ní nǹkan tá a fẹ́ fi hàn, a máa ń pa fídíò, ohùn nìkan, ohùn ò jẹ dátà tó fídíò. Ìbéèrè gígùn, fóìsì nóòtì ni. Ó yà mí lẹ́nu pé inú fóìsì nóòtì gan-an la ti mọ ara wa, torí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa ń lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn, kò sí ẹni tó ń wò ó lójú.

Ìgbà tí a fẹ́ kọ rípọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn, a lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Táńkẹ̀ tó ní Wi-Fi, ₦1,000 ní wákàtí. Mo fún ibẹ̀ náà ní 4. Íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń fò, sólà ló ń lò, iná ò lọ lẹ́ẹ̀kan. Àga ẹ̀ ni kò dáa, ẹsẹ̀ kan ti kúrú, a fi Bíbélì àtijọ́ kan tì í, ọmọ Òmù-Àrán ní òun ò ní jókòó lé Bíbélì, èmi ni mo jókòó níbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ sì máa ń pariwo pe oníbàárà. A wà láàárín ọ̀rọ̀ pàtàkì, ọmọkùnrin ọ̀hún ń ṣàlàyé dendê, ni a gbọ́ "Ta ló ni JAMB yìí? Ta ló ni JAMB?", ó sì bi mí lẹ́yìn náà pé kí ló ń jẹ́ JAMB. Wákàtí kan ni mo fi ṣàlàyé ìyẹn, mi ò tíì parí ẹ̀.

Ohun tí inú mi ò dùn sí: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká fi kọ rípọ́ọ̀tì, kì í ṣe èdè ẹnì kankan nínú àwa mẹ́rin, ọmọbìnrin yẹn tó mọ iṣẹ́ oúnjẹ jù wá lọ ló gba máàkì tó kéré jù. Kò dáa. Wọn ì bá jẹ́ kó fi Potogí kọ tiẹ̀, lẹ́kíṣọ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀. Èkejì, sátífíkéètì. Tọ̀hún ti wọlé sórí ímeèlì mi láti oṣù tó kọjá, tibí, wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i wà lórí ìsinmi.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é: ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ yín, ọ̀sẹ̀ wo ni wọ́n máa pín yín sí gúrúùpù? Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ sáré. Tí wọ́n bá ní inú họ́ọ̀lù ni títí dé òpin, ẹ lo owó dátà yín fi ra ẹ̀wà. Ẹ ra páwà báǹkì. Ẹ má mú ibi tí ariwo wà, ẹ má sì mú ibi tó dákẹ́ jù náà, àwọn ará ọ̀hún fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ àkùkọ àti ọ̀kadà lẹ́yìn wa, wọ́n máa ń ní ká dúró kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ìyá ní Pàkátà ṣì ń bi mí. Mo kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Àtìní, ó ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti bá a wá agboolé ẹ̀?" Mo ní wọn ò tíì rí i. Ó ní kí n sọ fún un pé tó bá wá, kó sọ̀ sí tòun ná, kí wọ́n tó rí i. Mo fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí i lóhùn Ìyá fúnra ẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ, mo rí àmì búlúù yẹn, kò tíì fèsì.

Ẹni tó bá tún ní ìbéèrè kó kọ ọ́ sílẹ̀ o, kó má pè mí lórí fídíò, 200 MB ló kù nínú fóònù mi.